Ọkàn Kan Ṣoṣo ní Erékùṣù Sillett

Erékùṣù Sillett,
Placentia Bay,
Newfoundland.
Ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹta, 1958

Bride ọmọ mi,

Mo kí ọ o. Kú òtútù Boston, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ní òtútù tiyín lójú àánú ju tiwa lọ. Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé ọ̀gá rẹ, bàbá arúgbó yẹn, ṣì ń jẹun dáadáa? Àwa náà wà níbí, a ò kú, a ò sì sanra. Yìnyín ti dí ẹnu ọ̀nà omi wa láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, nítorí náà bí lẹ́tà yìí bá pẹ́ lọ́nà, èmi kọ́ ni kí o bú. Àbúrò rẹ Loretta àti ọkọ rẹ̀ ní kí n kí ọ.

Ọ̀rọ̀ ńlá ti wọ ìlú. Aṣojú ìjọba wá láti St. John's ṣáájú yìnyín, ó kó wa jọ sí ilé ẹ̀kọ́, ó ní kí a kó kúrò ní erékùṣù yìí lọ sí orí ilẹ̀, níbi tí títì wà, tí dókítà wà, tí tíṣà kì í sá lọ lẹ́yìn Kérésì. Ìjọba yóò fún ilé kọ̀ọ̀kan lówó ìrìnnà. A ó fa ilé wa gan-an sínú omi, ọkọ̀ yóò sì fà á lọ, bí àwọn ará Bordeaux, erékùṣù ìtòsí wa, ṣe fa tiwọn. Ṣùgbọ́n ó ní ohun tí wọ́n fẹ́. Kò tó kí àwa tó pọ̀ jù fọwọ́ sí ìwé. Gbogbo ilé mọ́kọ̀ọ̀kànlá ni. Bí ilé kan ṣoṣo bá kọ̀, ó parí nìyẹn, kò sẹ́ni tó máa rí nǹkan kan gbà.

Ọ̀rọ̀ tó wà nínú ìwé náà ni "unanimous". Fadá Whelan ní láti inú èdè Látìn ló ti wá, àmọ́ ọkọ̀ ti ń dúró dè é, kò ráyè tú u fún mi. O sì mọ̀ pé èmi ni mò ń kàwé fún gbogbo àwọn ará ibí. Mi ò fẹ́ràn kí n máa pariwo ohun tí mi ò rí inú rẹ̀. Ọ̀gá rẹ tó fi ogójì ọdún kọ́ àwọn ọmọ olówó ní Látìn, bá mi bi í, kí ló wà nínú ọ̀rọ̀ yẹn gan-an?

Ilé mẹ́wàá ti gbà. Ìkọkànlá ni ìyá ìyá rẹ, Màmá Johanna.

Mo lọ bẹ̀ ẹ́, ó ní kí n jókòó kí n mu tíì. Mo tún bẹ̀ ẹ́, ó tún bu tíì. Nígbà tí mo mu ife kẹrin mo dìde, ikùn mi kún, ìwé mi ṣófo. Bó o ti mọ̀, ẹni tí kò mọ̀wé kọ, èmi ni mò ń fa àgbélébùú fún un, òun a sì fi ìka rẹ̀ kan gègé bí mo bá ti ń fà á. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, kì í ṣe àmì rẹ̀. Màmá Johanna kò fẹ́ẹ́ rí gègé náà sójú. Ambrose Pomroy tó ti ń gé igi ìdáná fún un láti ọjọ́ tó ti di opó kò lọ síbẹ̀ mọ́. Ìyàwó Leo Brewer kọjá lára rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, kò kí i. Ọ̀rọ̀ yìí ń kó mi lọ́kàn sókè, ọmọ mi. Tètè fèsì.

Èmi ni bàbá rẹ,
Cyril Hann


Boston.
Ọjọ́ Àjíǹde, ọjọ́ kẹfà oṣù kẹrin, 1958

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọdún, ẹ kú òtútù, ẹ kú ìfaradà. Mo wà dáadáa. Ọ̀gá mi Lowden náà wà, ó ń jẹun bí ẹyẹ, ó ń sọ̀rọ̀ bí òjò. Páálí tí mo fi ránṣẹ́ pẹ̀lú lẹ́tà yìí, tíì wà nínú rẹ̀ fún yín, òwú funfun sì wà fún Màmá àgbà, irú èyí tó fẹ́ràn.

Bàbá, ẹ má bínú sí ohun tí mo fẹ́ sọ. Mi ò tíì bi ọ̀gá mi léèrè ọ̀rọ̀ Látìn kankan. Kí la fẹ́ fi ṣe? Ọmọdé mọ̀ pé ohun tó ń sọ ni pé kí gbogbo yín fọwọ́ sí i. Ẹ ò nílò ìtumọ̀, àmì kan ṣoṣo lẹ nílò!

Ṣé ẹ ti gbàgbé ni? Ìgbà òtútù mẹ́ta péré ló kọjá. Ẹ dáná sórí òkè kí ọkọ̀ dókítà lè rí i, ẹ̀yin àti Ambrose, ọjọ́ méjì gbáko. Yìnyín ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kọjá. Màmi kú, ọmọ inú rẹ̀ náà kú. Èmi ni mo wẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú Màmá àgbà. Èmi ni mo di irun rẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn ni mi ò ti fẹ́ rí erékùṣù yẹn mọ́, ohun tí mo sì fi wá gbọ́únjẹ fún àjèjì níbí nìyẹn. Loretta wá kọ̀wé sí mi lóṣù tó kọjá pé òun ti lóyún, oṣù kẹwàá ló máa bí. Oṣù kẹwàá, Bàbá! Tí ìjì bá ń jà nígbà yẹn ńkọ́?

Màmá àgbà ti di ọmọdé. Ibojì ló ń tọ́jú, àwọn tí kò tíì wọ ibojì kò jọ ọ́ lójú. Ara rẹ̀ nìkan ló mọ̀. Ẹ fa àgbélébùú náà fún un. Bí kò bá fi ìka kan gègé, ẹ fà á bẹ́ẹ̀. Ta ni yóò mọ̀? Ìlà méjì péré ni, kò ní ojú, kò ní orúkọ. Ẹ má sì sọ fún un pé èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ kàn fún un ní òwú rẹ̀.

Ọmọ yín,
Bride


Boston.
Ọjọ́ kejìdínlógún oṣù karùn-ún, 1958

Bàbá mi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà rèé tí mo ti kọ̀wé, mi ò rí èsì. Mo mọ̀ pé yìnyín ti yọ́. Ṣé ara yín ò yá ni? Ṣé Loretta ni? Ẹ̀rù ń bà mí.

Mo ti bi ọ̀gá mi ní ọ̀rọ̀ yẹn, nítorí ọkàn mi ò balẹ̀. Lọ́jọ́ Thursday, mò ń nu ṣíbí, mo ní, "Ọ̀gá, Látìn wo ló wà nínú 'unanimous'?" Háà, ẹ bá wo ojú rẹ̀! Ó ju ṣíbí ẹyin sílẹ̀, ó lọ fa ìwé kan tó tó bíbélì ṣọ́ọ̀ṣì wa yọ, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó ní ọ̀rọ̀ méjì ni wọ́n so pọ̀. Àkọ́kọ́ ni "unus", ìyẹn ọ̀kan. Èkejì ni "animus", ìyẹn ọkàn, inú ènìyàn, ibi tí ìbínú ń gbé, tí ìgboyà ń gbé, tí ìpinnu ti ń jáde. Ó ní ó bá èémí tan. Nítorí náà àwọn ará Róòmù àtijọ́, bí wọ́n bá fi ọ̀rọ̀ yẹn pe àwọn ènìyàn, ohun tí wọ́n ń sọ ni pé inú kan ni gbogbo wọn ní, bí ẹni pé èèyàn kan ló ń mí.

Ó ní ọ̀rọ̀ náà ní mọ̀lẹ́bí. Bí wọ́n bá so "magnus", tó jẹ́ ńlá, mọ́ ọkàn yẹn, ó di ẹni tí inú rẹ̀ fẹ̀, tí wọ́n ṣẹ̀ tí kò gbẹ̀san. Bí wọ́n bá so "pusillus" mọ́ ọn, tó jẹ́ tíńtín, ó di ẹni tí ọkàn rẹ̀ kéré, ojo, ẹni tó ń gba ẹ̀yìn ṣe nǹkan. Inú mi ti ń dùn sí ẹ̀kọ́ náà títí ó fi kan ìyẹn. Mo wá rí i pé mò ń nu ṣíbí kan náà lọ́pọ̀ ìgbà.

Ó bi mí léèrè ibi tí mo ti rí ọ̀rọ̀ náà. Mo sọ gbogbo rẹ̀, títí kan lẹ́tà tí mo kọ sí yín. Kò bú mi. Ó ní, "Bride, ìyá àgbà yẹn, ta ló bi í pé kí ló dé tó fi kọ̀?" Mo ní gbogbo ayé mọ̀ pé nítorí ibojì ni. Ó ní, "Mo gbọ́. Mo ní, ta ló bi í?" Èmi ò bi í. Ẹ̀yin náà, ẹ ní ẹ bẹ̀ ẹ́ ni, ẹ ò ní ẹ bi í. Ọ̀gá mi ní orí mọ́kànlá rọrùn láti kà, ó ní ti ọkàn le díẹ̀. Ó wá padà sídìí ẹyin rẹ̀.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ sun lẹ́tà tí mo kọ lọ́jọ́ Àjíǹde níná. Ẹ má fa àmì kankan. Ẹ jẹ́ kí n kọ̀wé sí Màmá àgbà fúnra mi, kí n bi í. Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ fèsì kíákíá.

Bride


Erékùṣù Sillett.
Ọjọ́ kẹjọ oṣù kẹfà, 1958

Bride,

Mo kí ọ. Ara mi yá. Loretta náà ń ṣe dáadáa, ikùn rẹ̀ ti yọ. Lẹ́tà rẹ kejì dé lánàá. Ó pẹ́.

Boston ti jẹ́ kí o gbàgbé bí a ṣe ń gba lẹ́tà níbí. O kọ ti Àjíǹde bí ẹni pé èmi nìkan ni màá jókòó sí kọ̀rọ̀ kan kà á. Níbo ni kọ̀rọ̀ wà lórí erékùṣù yìí? Láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi, lẹ́tà tó bá ti Boston wá, ti gbogbo ilé ìdáná ni. Ọjọ́ tí ọkọ̀ gbé tìrẹ dé, mo wà lójú òkun nídìí pańpẹ́ alákàn. Àwọn ènìyàn ti jókòó sílé mi bí wọ́n ṣe máa ń ṣe, wọ́n tó mẹ́sàn-án. Màmá Johanna gbé búrẹ́dì wá, ó jókòó sórí àga rẹ̀ lẹ́bàá sítóòfù. Agnes Pomroy, ìyàwó Ambrose tó ń tọ́jú lẹ́tà, ló já a, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà.

O mọ Agnes. Bí ẹni tí ajá ń lé ló máa ń kàwé. Ìgbà tó máa fi yé e, ẹnu rẹ̀ ti kà á kọjá. "Màmá àgbà ti di ọmọdé." Ó kà á. "Ara rẹ̀ nìkan ló mọ̀." Ó kà á. Ó dé ibi àgbélébùú, ó ká lẹ́tà náà. Loretta ló sọ ọ́ fún mi. Màmá Johanna ní, "Kà á tán, Agnes. Ọmọ mi ló kọ ọ́, kì í ṣe ejò." Agnes kà á tán. Màmá Johanna gba òwú rẹ̀, ó ní kí wọ́n bá òun dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ, ó sì lọ sílé rẹ̀.

Láti ọjọ́ yẹn, ẹnikẹ́ni ò dárúkọ lẹ́tà náà. Ojú tì mí débi pé mi ò lọ bá a. Èmi ọkọ ọmọ rẹ̀, mi ò lọ! Nígbà tó di ọjọ́ kejìlá oṣù karùn-ún, Fadá ránṣẹ́ pé ọkọ̀ ọ̀la ló gbọ́dọ̀ gbé ìwé náà lọ. Àwọn ọkùnrin wá sí ilé ìdáná mi lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n dúró. Kò sẹ́ni tó ní kí n fà á, kò sì sẹ́ni tó ní kí n má fà á. Gbogbo wọn ló mọ ohun tí o kọ. Mo mú gègé, mo fà á. Ambrose ní "Ó dáa," ó ń wo fèrèsé. Wọ́n wá lọ.

Má rò pé ìwọ ni mo fẹ́ di ẹ̀bi rù. Ọwọ́ tèmi ni, mo sì rántí ìyá rẹ nígbà tí mò ń fà á. Mo ní kí n sọ fún ọ kí o mọ̀.

Lọ́jọ́ Tuesday tó kọjá, aṣojú ìjọba dé, ó kó wa jọ, ó ń pe orúkọ, olúkúlùkù ń jẹ́ ẹ. Ó ní, "Johanna Tobin, àmì rẹ̀ rèé. Ṣé ìwọ lo ni í?" Bó bá sọ pé rárá, èmi ni wọ́n máa tì mọ́lé, gbogbo ìlú á sì pàdánù. Màmá Johanna wo ọkùnrin náà, ó ní, "Ó wà níbẹ̀, àbí kò sí níbẹ̀?" Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó rò pé àwàdà arúgbó ni, ó fi àmì sí ìwé. Ó ní òun ò tíì rí erékùṣù tó "unanimous" tó báyìí rí. Àwa tó kù ń wo ilẹ̀. Àlàyé rẹ dé lánàá, mo wá mọ ohun tó fi yìn wá.

Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù kẹsàn-án ni a ó kó. Màmá Johanna kì í bá mi sọ̀rọ̀. Mo gbé igi ìdáná lọ, ó fi í sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, òjò ń pa á. Kọ̀wé sí i bí o bá fẹ́. Ẹlòmíràn ni kó kà á fún un.

Bàbá rẹ


Boston.
Ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù kẹfà, 1958

Màmá àgbà mi,

Ẹ kúulé o. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti ibi tí mo wà.

Aunti Agnes, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pe gbogbo àwọn tó gbọ́ ti àkọ́kọ́, kí ẹ ka eléyìí sókè fún wọn. Ẹ rọra kà á.

Èmi Bride, ọmọ Monica, ni mo kọ ọ̀rọ̀ burúkú sí Màmá àgbà mi. Mo ní ó ti di ọmọdé. Irọ́ ni. Ọmọ ọdún mọ́kànlélógún ni mí, ìbínú ikú ìyá mi ni mo gbé lé orí ìyá tó bí i, bí ẹni pé èmi nìkan ló kú fún. Mo ní ara rẹ̀ nìkan ló mọ̀. Irọ́ nìyẹn náà. Ẹni tó bá mi wẹ Màmi, tí kò sunkún kí èmi lè ráyè sunkún, òun ni mo sọ bẹ́ẹ̀ sí. Mo tọrọ àforíjì lójú gbogbo yín.

Màmá àgbà, kí ló dé tí ẹ ò fẹ́ lọ? Ó yẹ kí n ti bi yín láti oṣù kẹta.

Àmì yẹn kì í ṣe tiyín. Bí ẹ bá fẹ́, màá kọ̀wé sí St. John's lọ́la, màá sọ fún wọn pé irọ́ ni, pé èmi ni mo dá a sílẹ̀. Mo mọ ohun tó máa dá sí Bàbá lọ́rùn. Mo mọ̀ pé Loretta máa bímọ síbẹ̀. Mi ò sùn dáadáa mọ́. Ṣùgbọ́n ẹ sọ ọ̀rọ̀ kan péré, màá kọ ọ́.

Ọmọ yín,
Bride


Erékùṣù Sillett.
Ọjọ́ kẹta oṣù kẹjọ, 1958

Bride,

Agnes ló ń bá mi kọ ọ́. Ó ń sunkún, mo ní kó gbé orí kúrò lórí ìwé kó má bà á jẹ́. Nǹkan owó ni ìwé.

Mo kí ọ. Orúnkún ń dùn mí, ojú mi ṣì dára. Ẹja pọ̀ lọ́dún yìí, bí ẹni pé ó mọ̀ pé a ń lọ. Mo ti fi òwú rẹ hun fìlà fún ọmọ Loretta. Wọ́n ka lẹ́tà rẹ níṣojú gbogbo wọn. Ambrose dìde kó tó parí, ó jáde, a wá ń gbọ́ ìró àáké lẹ́yìn ilé mi títí ilẹ̀ fi ṣú. Mo lo igi náà. Kí n máa jẹ́ kí òtútù pa mí nítorí ìbínú?

Má kọ̀wé sí St. John's. Bí o bá kọ ọ́, èmi àtìwọ kò ní rí ara wa mọ́. Mo ti rí ọmọ mi kan tó kú lórí bẹ́ẹ̀dì níbí, mi ò fẹ́ rí ìkejì. Ṣé o rò pé mi ò mọ̀ pé ó yẹ kí Loretta wà nítòsí dókítà? Èmi ni mo kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n lóyún, kí ọkọ rẹ̀ tó mọ̀.

O bi mí ní ìdí. Ìwọ ni ẹni àkọ́kọ́. Bàbá rẹ bẹ̀ mí, Fadá fi ọ̀run bẹ̀ mí, ìyàwó Leo fi ẹ̀yìn bẹ̀ mí. Ẹnikẹ́ni ò bi mí. Lọ́jọ́ kejì tí ìyá rẹ ti ń rọbí, nígbà tí ìwọ lọ pọn omi, ó di ọwọ́ mi mú, ó ní, "Màmá, ẹ má fi mí sílẹ̀ níbí o." Mo ní, "Níbo ni mo fẹ́ lọ?" Ohun tí mo sọ nìyẹn. Kò sọ̀rọ̀ mọ́ lẹ́yìn rẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ẹnì kan jókòó tì mí, tó bi mí, ǹ bá sọ ọ́, à bá jọ sunkún rẹ̀, ó sì ṣeé ṣe kí n fi ìka mi kan gègé yẹn nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Mò ń retí ẹni tó máa bi mí ni. Mo bu tíì fún bàbá rẹ títí ikùn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bẹ́, kò bi mí.

Mo ti gbọ́ àlàyé ọ̀gá rẹ, Loretta kà á fún mi. Ọ̀rọ̀ tó dára ni. Sọ fún un pé mo ní kó má bínú, ọkàn mẹ́wàá ni wọ́n rí kó jọ níbí. Tèmi ò sí níbẹ̀, bí mo tilẹ̀ ń lọ.

Màá bá bàbá rẹ sọ̀rọ̀ tó bá yá. Kò tíì yá.

Mo dárí jì ọ́, ọmọ mi. Mo ti ṣe é láti ìgbà tí Agnes ń kà á lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ kan wà tí mi ò lè ṣe. Mo lọ sídìí ibojì ìyá rẹ lórí òkè lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ yìí láti sọ fún un pé a ń lọ. Ẹnu tí mo fi ṣèlérí fún un ni, mi ò lè fi sọ ọ́. Bàbá rẹ kò tó bẹ́ẹ̀, Loretta kò gbọdọ̀ gun òkè yẹn báyìí. Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù kẹsàn-án ni wọ́n ó fa ilé mi sínú omi. O ní o ò fẹ́ rí erékùṣù yìí mọ́. Mo gbọ́. Gba àyè lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ, kí o wọkọ̀.

Ìwọ lo kọ ọ́, Bride. Wá fi ẹnu ara rẹ sọ fún un.

Johanna Tobin